Àǹtí mi, ìwé Kírìjì ti parí

Birmingham,
alẹ́ Sátidé

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Orúnkún ńkọ́? Mo gbọ́ pé oògùn tí mo fi rán ọmọ yín ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún rí yín lórí òkè lọ́sàn-án gangan. Ara tiwa le, òtútù nìkan ló ń bá wa fínra.

Mi ò pè yín lórí fóònù torí ọ̀rọ̀ náà pọ̀, mo sì fẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé Kírìjì ti parí, mo sì ti rí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ti kọ́kọ́ dá a padà pé ta ni yóò ra ìtàn ogun abúlé. Ogun abúlé! Ogun tí àwa Èkìtìparapọ̀ fi bá Ìbàdàn jà fún ọdún 16!

Ẹ ó ní ṣebí mo ti ń kọ̀wé látọjọ́ tí wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àwa olùkọ́ là ń kọ ìyẹn síra wa. Èyí ni àkọ́kọ́ tí màá kọ fún ẹni tó jókòó sí ìsọ̀, fún ọmọ iléèwé, fún ẹ̀yin gan-an. Bí mo ṣe hewú tó yìí, òǹkọ̀wé tuntun ni mí.

Wọ́n wá ní kí n kọ ìlà mẹ́rin sí ẹ̀yìn ìwé, kí n fi sọ ẹni tí mo jẹ́. Gbogbo ìwé náà ò dà mí láàmú tó ìlà mẹ́rin yẹn. Mo kọ iléèwé tí mo ti ń kọ́ni, mo kọ oyè, mo ka gbogbo rẹ̀ sókè, mo sì pa á rẹ́. Ká ní Màmá àgbà ló ń gbọ́ ọ ni, wọ́n á ní, “Ó dáa. Ọmọ ta ni?”

Ọ̀dọ̀ wọn ṣáà ni ìwé náà ti wá. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìdí ìkòkò òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrò: kí-rì-jì, kí-rì-jì. Wọ́n ní bí àgbá ṣe ń dún létí ìyá wọn nìyẹn, lọ́mọdé, nígbà tó ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ ní ibùdó. Wọ́n ní ogun náà pẹ́ débi pé àwọn ọmọ ogun kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko, wọ́n bímọ. Mo rò pé àlọ́ ni.

Ìlú tí mo wá ń gbé yìí gan-an ni ìwé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S., ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, wà, ní yunifásítì Birmingham. Ẹ ò gbọdọ̀ mú bírò wọlé síbẹ̀, pẹ́ńsù nìkan. Wọ́n á gbé tìmùtìmù sórí tábìlì, wọ́n á wá tẹ́ ìwé náà lé e jẹ́jẹ́ bí ọmọ tuntun. Tádàwà rẹ̀ ti di àwọ̀ erùpẹ̀ wa. Àwọn oníwàásù ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́, nígbà tí ogun náà ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí mo rí orúkọ ìlú wa níbẹ̀, mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, mi ò lè kọ nǹkan kan mọ́.

Samuel Johnson wà lára wọn. Òun àti Charles Phillips ni wọ́n ń ṣe alárinà láàárín ibùdó méjèèjì lọ́dún 1886, tí wọ́n fi kéde àlàáfíà ní Ìmẹ̀sí-Ilé wa ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án. Síbẹ̀, ó di 1893 kí ibùdó tó tú. Nígbà tí Johnson kọ ìtàn Yorùbá tán ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ sọ ọ́ nù. Ó kú ní 1901. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ṣa àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, ó tún un kọ, ó fi í ránṣẹ́. Ní 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah sì ti kú ní 1920. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́, àbúrò tún un kọ, kò sí èyí tó fọwọ́ kan ìwé títẹ̀ náà nínú àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ yín tọ́jú ẹ̀dà kan tèmi sí Ìbàdàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nílé á fẹ́ kí n bú Ìbàdàn. Ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi ṣe olórí lé wa lórí fi jẹ wá, mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Àmọ́ ìyá ọmọ ogun Ìbàdàn tó wà ní ọ̀hún Ìgbàjọ, ní ibùdó tiwọn, náà ń retí ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo wá kọ sẹ́yìn ìwé nìyí: “Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Ẹnu ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Kírìjì. Ó ń kọ́ni ní ìtàn ní Birmingham.” Ìlà kẹrin ṣì ṣófo. Oríkì Màmá àgbà ni mo fẹ́ fi síbẹ̀, ìlà kan péré, èyí tí wọ́n máa ń fi jí wa láàárọ̀. Mo rántí ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lọ lórí mi. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín tẹ WhatsApp, kí ẹ kì í díẹ̀díẹ̀ kí n lè kọ ọ́ bó ṣe tọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
àbúrò yín.