Ẹ Má Gbin Igi Ìbòji Sórí Odi Dáàmù

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ bá wa sọ fún gbogbo ìlú tó ní dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ kékeré l'Ékìtì, níbi tí ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí àgbà ń dẹ ìwọ̀, tí ẹlẹ́ja yíyan ń fẹ́ná lọ́jọ́ ìsinmi: igi máńgòrò àti igi fúrúùtù tí wọ́n ń gbìn sórí odi rẹ̀ fún ìbòji léwu púpọ̀.

Amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni odi bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò a máa wá omi wọnú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí igi bá kú, gbòǹgbò á jẹrà, á sì fi ihò gbọọrọ sílẹ̀ fún omi láti gbà kọjá. Ihò òkété náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ odi níhà tí kò sí omi. Tí koríko ibì kan bá tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti yòókù ti gbẹ, omi ń jò níbẹ̀. Ẹ gbọ́n ọn sínú ìgò funfun, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Tó bá mọ́ gaara, ẹ máa gbé garawa lítà 10 sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó fi kún sílẹ̀. Tó bá ń yára kún sí i láìsí òjò, tàbí tí yẹ̀pẹ̀ silẹ̀ sí ìdí ìgò, inú odi ló ń bá omi lọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí i! Omi tẹ́ ẹ sé mọ́ inú á wá ibòmíràn ya. Yanrìn mímọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà lé e, lẹ́yìn náà òkúta wẹ́wẹ́, kí òkúta ńlá wá gbẹ̀yìn: omi á máa jáde, yẹ̀pẹ̀ kò ní jáde. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ pe onímọ̀ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì ta àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò lólobó.

Igi tí kò tíì tó ọrùn ọwọ́, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ fi amọ̀ dí ihò rẹ̀ ní ínǹṣì 6 sí ínǹṣì 6, kẹ́ ẹ gún ìpele kan le kẹ́ ẹ tó da òmíràn. Ẹ má fọwọ́ kan igi ńlá nígbà tí dáàmù kún. Ẹ kọ́kọ́ fa omi wálẹ̀, kó má ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ lójúmọ́. Amọ̀ tó ti mu omi yó a máa ya lulẹ̀ tí omi bá sá kúrò níwájú rẹ̀ lójijì.

Ibi tí ọ̀kadà ti tẹ orí odi wọlẹ̀, ẹ kún un padà. Ibẹ̀ ni omi máa kọ́kọ́ gbà gorí odi. Àwọ̀n àti àpò yanrìn táwọn kan ń tò sí ojú ibi tí àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà jáde, kí omi lúwẹ̀ẹ́ má baà fà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò kí òjò tó dé. Gbogbo wa la rí ohun tó bá Maiduguri lóṣù kẹsàn-án 2024, nígbà tí dáàmù Alau ya.

Koríko tó ń rá mọ́lẹ̀ nìkan ló tọ́ sí odi. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó kéré tán mítà 10 sí ẹsẹ̀ odi, ni kẹ́ ẹ gbin máńgòrò yín sí.

Àwa òṣìṣẹ́ omi,
Adó-Èkìtì.