Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Ẹlẹ́ja Makoko Lórí Kòkòrò Ẹnu Ẹja

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,

A kí yín o, Alága. Àwa tí a ń ta ẹja òkun ní Makoko la kọ ìwé yìí.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, oníbàárà kan la ẹnu ẹja àpò, ó bá ohun funfun kan tó jókòó síbi tí ahọ́n yẹ kó wà, tojú tẹsẹ̀. Ó figbe ta pé ẹja ti dìdin. Kí a tó ṣàlàyé, àwọn kan tó ní wolé-wolé làwọn ti dé, wọ́n da kẹrosíìnì sí abọ́ ẹja mẹ́ta. Àwìn la gba ẹja yẹn lọ́wọ́ àwọn apẹja. Títí dòní la ṣì ń san án.

Alága, kì í ṣe ìdin. Ìdin kì í lẹ́sẹ̀. Eléyìí ní mẹ́rìnlá. Ẹbí edé àti akàn ni. Láti kékeré ló ti ń gba ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọlé. Irú kan nínú wọn a di mọ́ ahọ́n, a máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ahọ́n á fi gbẹ dànù, òun fúnra rẹ̀ á wá jókòó sípò ahọ́n. Akọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́ kí wọ́n tó di abo. A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tí a gbọ́ ìyẹn. Inú omi lẹja ti kó o, kì í ṣe orí àtẹ wa. Kì í gbé ara ènìyàn. Ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ se ẹja yín jinná, ó parí.

A ò ní kí wolé-wolé má wá o. Àwọn tó ń ta ẹja jíjẹrà wà láàárín wa, a mọ̀ wọ́n, ẹ mú wọn. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ pe àwọn onímọ̀ láti ilé ìwádìí òkun tó wà ní Victoria Island, kí wọ́n wá fi kòkòrò náà han wolé-wolé àti oníbàárà, lédè Yorùbá àti Ègùn. Kí wọ́n má sì da ẹja ẹnikẹ́ni nù mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ ẹja ti yẹ̀ ẹ́ wò. 

A ti kó mẹ́ta nínú kòkòrò náà sínú ìgò ògógóró, ó wà lọ́wọ́ Ìyálọ́jà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnìkan wá wò ó.

Àwa ọmọ yín,
Ẹlẹ́ja Makoko