Ìtọ́jú ọmọ lókè òkun kò sọ mí di ará ibẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àfaradà. Láìpẹ́ yìí ni mo ka lẹ́tà ẹnìkan nínú ìwé ìròyìn yín, tó ní ẹni tí òyìnbó bá kọ̀ láti fún ní físà, ọwọ́ onítọ̀hún ni kò mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara. Oníṣòwò èlùbọ́ ni mí l'Ádó-Èkìtì. Mi ò yí ìwé, mi ò purọ́ ọjọ́ orí, mi ò sì lo ọjọ́ kan ṣoṣo kọjá iye tí wọ́n fún mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Síbẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fún mi ní físà nígbà tí mo ní mo fẹ́ wá ṣe ìpàdé òwò. Ohun tí wọ́n rí dì mú ni pé mo pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi nígbà tí mo lọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ náà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, kò sì sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò nítòsí. Ta ni ì bá wẹ ìkókó, tí ì bá nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, tí ì bá po ògì gbígbóná fún ìyá ọmọ? Lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì, bí ọmọ ẹni bá bímọ tí ìyá kò lọ jókòó tì í, àwọn ará àdúgbò á máa béèrè ohun tó dé láàárín wọn. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Físà tí mo ní nígbà náà fún mi láyè oṣù mẹ́fà bí mo bá ti wọlé. Mo dúró títí ojú ọgbẹ́ fi jinná, tí ọmọ mi fi lè gbé ọmọ rẹ̀ sókè láìdi ikùn mú, mo sì gbéra kí àkókò tó pé. Nígbà tó yá, ìyàwó ọmọ mi ọkùnrin bí ìbejì, ìyá tirẹ̀ sì ti ṣaláìsí. Mo tún lọ. Bákan náà ni mo ṣe: mo dúró dé ibi tó yẹ, mo sì padà kí ọjọ́ tó pé. Ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wà nílé níbí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí, ilé wa wà níbí.

Òwò tí mo fẹ́ bá lọ lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀ pátápátá. Iṣu tí mo bá rà ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò, à á bó o, à á bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, á sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí a tó sá a sóòrùn, kí a tó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Oníbàárà mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì ń pín in fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: àpò kan tí ojú rírán rẹ̀ ti fa omi, èlùbọ́ kan tó dúdú ju ìkejì lọ. Ẹni tó mọ èlùbọ́ mọ̀ pé a kì í mọ̀ ọ́n lójú fọ́tò. Ọwọ́ la fi ń pa á, imú la fi ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tó ti gba omi á dì mọ́ni lọ́wọ́, èyí tó gbẹ dénú á yọ́ bọ́ láàárín ìka. Mo ní láti dé ilé ìkẹ́rùsí yẹn kí n mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ mi ló ti bàjẹ́ ni, àbí inú ọkọ̀, àbí lọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ lébẹ̀lì náà tún wà níbẹ̀, torí òfin wọn fẹ́ kí orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ tó ń dáhùn fún oúnjẹ náà nílẹ̀ wọn wà lára àpò. A fẹ́ jọ jókòó, kí a fẹnu kò, kí a tọwọ́ bọ̀wé. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣejù ni kí oníṣòwò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ ọjà lẹ́yìn. Ní ọdún 2017, mínísítà ètò ọ̀gbìn, Olóyè Audu Ogbeh, ṣí ètò kíkó iṣu lọ sókè òkun pẹ̀lú ariwo, kò sì pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé lára iṣu náà ti jẹrà. Ẹ̀wà wa ńkọ́? Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá lára rẹ̀. Bí ọjà ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn nígbà tí ẹni tó ṣe é kò bá rí ẹni tó ń gbà á.

Òru ni mo kúrò nílé lọ tẹ ìka fún físà náà l'Ékòó, a gba Àrámọkọ, a gba Ìtawùrẹ́ já sí Iléṣà. Owó físà náà jẹ́ pọ́n-ùn 127 nígbà tí mo san án, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ fún mi kò gùn. Wọ́n ní pípẹ́ tí mo pẹ́ tẹ́lẹ̀ kò bá ìrìn ẹni tó ń wá ṣòwò mu, pé kò dá wọn lójú pé mi ò fẹ́ fi ìbẹ̀wò lórí ìbẹ̀wò sọ ibẹ̀ di ibùgbé. Ìwé ìbí àwọn ọmọ-ọmọ mi wà lára ohun tí mo fi ránṣẹ́, lẹ́tà ọsibítù náà wà níbẹ̀. Wọn ò dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Mo mọ̀ pé òfin wọn ní kí olùbẹ̀wò má fi ìbẹ̀wò gbé ibẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òfin náà ti ní ẹni tó bá ti lo ju oṣù mẹ́fà lọ láàárín oṣù méjìlá ti rúfin, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sọ ọ́ káàkiri Adó níbí. Ìlànà wọn ní kí wọ́n wo ìdí tí èèyàn fi wá, kí wọ́n wo ohun tó so ó mọ́lé. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni wọ́n ti ń gba àkọsílẹ̀ àwọn tó ń jáde nílùú wọn, nítorí náà ọjọ́ tí mo bọ́ sínú bàálù wà lọ́wọ́ wọn. Òǹtẹ̀ ìmígírésọ̀n tiwa náà wà nínú páṣípọ́ọ̀tù mi. Ó dà bí ẹni tó san gbèsè pé ṣáájú ọjọ́, tí wọ́n wá ń pè ní ajigbèsè nítorí pé ó yáwó rí. Bí ẹni tó ń padà lásìkò kò bá jẹ́ ẹni tí a lè gbẹ́kẹ̀lé, ta ni yóò jẹ́ ẹ?

Kò sì sí ibi tí mo ti lè sọ gbogbo èyí fún wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún láti lọ kí ẹbí lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni wọ́n fagi lé e. Ti oníṣòwò kò sí rárá. Àfi kéèyàn tún san owó, kó kọ fọ́ọ̀mù mìíràn, tàbí kó wá owó lọ́yà ńlá lọ sílé ẹjọ́ wọn lọ́hùn-ún. Àgbà kúkú ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Àwọn tó ń báni ṣe físà ti gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ní kí n ṣe páṣípọ́ọ̀tù tuntun, kí n má mẹ́nu ba ìrìn àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀yin ìyá Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ tiwọn. Àkọsílẹ̀ yín wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo fọ́ọ̀mù náà, ẹni tí wọ́n bá sì ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé bí ẹ bá lọ tọ́jú ọmọ, ẹ tọ́jú ìwé pẹ̀lú: ìwé ìbí ọmọ, ìwé ọsibítù, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí ẹ padà. Bí ọjọ́ òwò bá dé, ẹ fi ẹnu ara yín ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi pẹ́ kí wọ́n tó béèrè.

Ìjọba wa náà ńkọ́? Wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfurufú fún ẹrù oko síbí l'Ádó. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Nàìjíríà àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn okòwò l'Ábújá, Kemi Badenoch tó jẹ́ mínísítà okòwò wọn nígbà náà ló sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ níhà tiwọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹrù kì í dá rìn. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń jókòó lórí àdéhùn yìí fi ọ̀rọ̀ àwa oníṣòwò kékeré síwájú wọn: kí wọ́n má fi ìtọ́jú ọmọ ka ẹ̀sùn sí ìyá lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ̀ fún láyè ìdáhùn kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí íméèlì, kí wọ́n tó kọ̀.

Èmi yóò tún kọ fọ́ọ̀mù náà bí èlùbọ́ tuntun bá gbẹ, òótọ́ kan náà ni n ó sì kọ síbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú wa nílé aṣòfin Àbújá bá ka lẹ́tà yìí, ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ sí mi wà nílẹ̀. Mo ṣe tán láti gbé e wá fún un ní ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ádó níbí, lọ́jọ́ tó bá dá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́,
Adó-Èkìtì.