Ẹ jẹ́ kí etí ọmọ kọ́kọ́ mọ píánò kí nóòtì tó dé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òbí kan lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ń ráhùn pé tíṣà píánò ọmọ òun ò tíì jẹ́ kó ka nóòtì kankan, ìyẹn àmì orin inú ìwé, pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe, owó òun ń ṣòfò. Èmi náà ń kọ́ ọmọdé ní píánò n'Ìbàdàn níbí, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí ohun tó yẹ kí gbogbo wa máa ṣe ni tíṣà yẹn ń ṣe.

Ọmọ Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ ní dò re mí orí àmì ohùn ní síléèwé. Ọmọ àyàn náà ńkọ́, ta ló fún un níwèé? Shinichi Suzuki, tíṣà orin kan ní Japan, fayolín ló fi bẹ̀rẹ̀ ní tiẹ̀, ó ní bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè ìyá ẹ̀ kó tó kàwé ni kó ṣe kọ́ orin, wọ́n sì ti ń fi ọ̀nà ẹ̀ kọ́ píánò kárí ayé báyìí.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: màá kọ orin kékeré kan, ọmọ á gbè é títí á fi wọ̀ ọ́ lára, màá fi dò hàn án, ìyẹn funfun tó wà lápá òsì dúdú méjì, màá wá panu mọ́. Á máa wá a kiri. Tó bá ṣì í tẹ̀, mi ò ní sọ nǹkan kan, ojú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fà ro, á sì gbé ìka ẹ̀ kúrò fúnra ẹ̀. Tó bá yá màá ní kó bẹ̀rẹ̀ orin yẹn láti G, funfun mìíràn lápá ọ̀tún dò, tó bá dé ibi F, ìyẹn funfun tó wà lápá òsì G, funfun ò ní bá a létí mu, ó máa wá dúdú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé nǹkan kan ń jẹ́ sharp, àmì tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá wá gbé ìwé dé tó rí àmì yẹn, á pariwo pé "Àǹtí, dúdú yẹn nìyí!"

Àwọn kan á ní irú èyí ló ń sọ àwọn ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì di ẹni tó mọ kíì kan ṣoṣo, ìyẹn ohùn kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ orin, tó jẹ́ bọ́tìnnì transpose tó ń bá wọn yí kíì padà ni wọ́n ń tẹ̀ bí olórin bá ti gbé orin sókè. Rárá o, àìfi etí rin kíì méjèèjìlá já ló fà á, ẹ má di ẹ̀bi ru etí.

Mi ò ní ká má kọ́ nóòtì o! Ẹni tó bá fẹ́ tẹ orin Bach ará Jámánì tàbí àwọn iṣẹ́ píánò Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin sílẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tó ti páàsì ìdánwò, tí wọ́n ní kó tẹ orin ọjọ́ ìbí fún àbúrò ẹ̀, tó ní ìwé òun dà. Ìdánwò Practical ti ABRSM, àjọ ìdánwò orin ti ìlú Ọba, tí gbogbo yín ń sáré lé pàápàá, máàkì 18 nínú 150, etí ni wọ́n fi ń gbà á.

Òbí wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì yọ ọmọ yín. Ẹ bi tíṣà ìgbà tí ìwé máa dé, kẹ́ ẹ sì máa gbé orin tó ń kọ́ sí i lórí fóònù nílé kó máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́.

Tíṣà píánò kan, Ìbàdàn