Àmì orí bọ́tìnnì 5 kò gbọdọ̀ sọnù lára fóònù àwọn ìyá wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnìkan kọ̀wé sí ojú ewé yìí, ó sì gba àwọn ọmọ níyànjú pé kí wọ́n gba fóònù oníbọ́tìnnì kúrò lọ́wọ́ òbí wọn, kí wọ́n fi èyí tí a ń fọwọ́ kàn lójú rọ́pò rẹ̀, nítorí pé bọ́tìnnì kì í pẹ́ gbó, àti pé bí ó bá ti gbó, kò sí àtúnṣe mọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mo ń ṣe jẹun ní Abẹ́òkúta láti ọdún 2005, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà mí láyè láti sọ ohun tí ojú mi ti rí. Bọ́tìnnì ń gbó lóòótọ́, bí táyà ọkọ̀ ṣe ń jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fóònù àwọn àgbà di aláìwúlò ni kípáàdì, ìyẹn rọ́bà tí gbogbo bọ́tìnnì wà lára rẹ̀, tí kì í ṣe ti fóònù náà rárá, tí àwọn oníṣòwò ń tà fún wa bí ojúlówó.

Ìyá aláró kan wà ní Ìtòkú tí ó jẹ́ oníbàárà mi. Fóònù Nokia 1100 ni ó ń lò, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Nígbà tí ó gbé e wá, gbogbo nọ́ńbà ojú rẹ̀ ló ti pa rẹ́, nítorí pé ọwọ́ tí ìyá fi ń ti inú omi aró àti kọ́sítíìkì bọ̀ náà ni ó fi ń tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà rẹ̀ ti di aláwọ̀ aró bí èékánná ìyá fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì 0 àti 8 sì ti rì wọlẹ̀ débi pé a ní láti fi èékánná wá wọn. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kò rí nọ́ńbà kankan lójú rẹ̀ mọ́.” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, n kò bá ọ sọ ti nọ́ńbà. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni mo fi ń ríran. Àwọn tí mo bá tẹ̀ tí kò jẹ́ mi lóhùn ni kí o bá mi wò.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó là mí lójú sí ohun tí mo ti ń wò láìrí i. Lórí bọ́tìnnì 5, àmì kékeré kan wà tó yọ sókè bí orí abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni àtàǹpàkò ìyá máa ń kọ́kọ́ bà lé. Bí ó bá ti rí i, ó ti mọ̀ pé 2 ló wà lókè, 8 nísàlẹ̀, 4 lọ́wọ́ òsì, 6 lọ́wọ́ ọ̀tún, àti pé 0 ló tẹ̀ lé 8. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ láti orí, láìwo ojú fóònù, nígbà tí ọwọ́ kejì ń ro aró.

Kò yà mí lẹ́nu pé 0 àti 8 ló kọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001, kò sí nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa tí kì í fi 0 bẹ̀rẹ̀, 080 sì ni ọ̀pọ̀ nọ́ńbà àwọn àgbà. Bọ́tìnnì sítáà àti háàṣì tẹ̀ lé wọn, nítorí pé a kò lè fi owó sí fóònù kí á má tẹ̀ wọ́n; láti 2023 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti sọ kóòdù gbogbo nẹ́tíwọ̀kì di ọ̀kan náà, *311# ni a fi ń kó owó káàdì sí fóònù, *310# ni a sì fi ń wo iye tó kù. Ti àwọn tó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ní èdè Yorùbá yàtọ̀ díẹ̀. 6 ni tiwọn máa ń kọ́kọ́ gbó, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó tẹ̀ ẹ́ kí “o” tó jáde, ẹ̀ẹ̀mejì fún “n”, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò lè kọ gbólóhùn Yorùbá kan láìlo méjèèjì. Bí mo bá ṣí fóònù, mo máa ń mọ irú iṣẹ́ tí olúwa rẹ̀ ń fi í ṣe kó tó sọ̀rọ̀.

Lábẹ́ rọ́bà bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, awẹ́ irin tín-ín-rín kan wà tó yọ sókè bí ìdérí ìkòkò. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, awẹ́ irin náà á wọlẹ̀, á kan ojú ọ̀nà iná tó wà lórí bọ́ọ̀dù, á sì ta padà. Òun ni ó ń dún “kọ́” lábẹ́ ọwọ́ wa. Òógùn, omi àti eruku ló ń mú ìpẹtà wọ ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, sípírítì díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó láti jí i padà, àtúnṣe tí kò gba wákàtí kan. Àwọn tó ṣe Nokia 1100 jáde ní 2003 mọ̀ pé ilẹ̀ eléruku ni yóò lọ, wọ́n sì ṣe kípáàdì rẹ̀ ní odindi rọ́bà kan tí kò ní àlàfo tí eruku lè gbà wọlé. Ó lé ní mílíọ̀nù 250 irú rẹ̀ tí wọ́n tà káàkiri ayé. Ẹni tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ kò tíì ṣí i wò.

Rọ́bà ti ìyá ti jẹ kọjá fífọ̀ ní tirẹ̀, nítorí náà mo lọ ra kípáàdì tuntun ní ọjà ńlá kan ní Èkó. Oníṣòwò náà fi gbogbo ẹnu sọ pé ti 1100 ni. Ó wọ inú kéésìn lóòótọ́, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n ìlà ìsàlẹ̀ kò bọ́ sórí awẹ́ irin rẹ̀ dáadáa, orí 5 sì tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ojú dígí. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ti padà dé. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ pè, àjèjì ló ń gbé e. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, wọ́n rò pé ọpọlọ àwọn ló ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi gba ojú tó kù fún wọn.

Àwọn ọmọ wọn gbìyànjú. Èyí tó wà ní Amẹ́ríkà rí Nokia 1100 kan rà níbẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n síìmù kò rí nẹ́tíwọ̀kì kankan gbé. Orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní 1100b, orí ìgbì rédíò 850 àti 1900 MHz ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé 900 àti 1800 ni GSM tiwa ń lò. Ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni kóòdù tí a tẹ̀ sórí bébà abẹ́ bátìrì. RH-18 ni ti 1100 tí a ń lò níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ ra páàtì gbọ́dọ̀ yọ bátìrì, kó ka kóòdù náà, kó tó náwó.

RH-18 kan tó ti Dubai bọ̀, tí bátìrì rẹ̀ ti wú, ni mo rí gbà lọ́wọ́ akẹgbẹ́ mi kan. Lẹ́tà Lárúbáwá wà lára kípáàdì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ABC. Mo yọ ọ́, mo fi í sí ti ìyá, gbogbo bọ́tìnnì sì bọ́ sí àyè wọn. Ìyá fi àtàǹpàkò wá àmì orí 5, wọ́n rí i, wọ́n tẹ nọ́ńbà ọmọ wọn lójú mi, ọmọ sì gbé e. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i kò kàn wọ́n. Àmì yẹn nìkan ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún nìyí, Olóòtú. NCC ni ó ń fọwọ́ sí irú fóònù tó lè wọ orílẹ̀-èdè yìí. Kí wọ́n fi kún un pé ẹni tó bá ń kó fóònù oníbọ́tìnnì wọlé gbọ́dọ̀ kó kípáàdì rẹ̀ wá pẹ̀lú, kí wọ́n tẹ kóòdù fóònù sára ọ̀rá páàtì, kí wọ́n má sì fọwọ́ sí kípáàdì tí kò ní àmì lórí 5. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti ya àwòrán abẹ́ bátìrì fún àwọn òǹkàwé, kí wọ́n lè mọ ibi tí kóòdù náà wà. Kí àwọn ọmọ tó fẹ́ ra fóònù fún ìyá wọn sì di ojú ara wọn ná, kí wọ́n fi àtàǹpàkò wá 5 lórí rẹ̀, kí wọ́n tó sanwó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnfóònùṣe kan,
Abẹ́òkúta.