Kí o tó ra ẹ̀rọ súìtì yẹn

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara ìyá ti ń le. O ní ọkùnrin kan fẹ́ ta ẹ̀rọ súìtì 6 fún ọ ní owó pọ́ọ́kú, irú èyí tí ọmọdé máa ń ki owó ẹyọ (kọ́ìnì) bọ̀, tó bá yí i, súìtì á dà sí i lọ́wọ́, o wá ń bi mí bóyá kí o rà wọ́n, nítorí pé ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Fara balẹ̀ kà á.

Ẹni tó ń tajà lórí àtẹ, bí ọjà bá wọ́n lónìí, yóò fowó lé e lọ́la. Ẹ̀rọ wa kò mọ ìyẹn. Inú irin ni iye tó ń gbà wà. Owó ẹyọ kan ni wọ́n ṣe ojú rẹ̀ fún, owó ẹyọ kan náà ni yóò sì máa gbà, àfi bí o bá tú ibẹ̀ kúrò tí o ra òmíràn sí i. Kò sì sí ohun tó ń jẹ́ owó ẹyọ kan lé díẹ̀.

Ṣokoléètì ló kọ́kọ́ fojú mi rí nǹkan. Ghana àti Côte d'Ivoire ló ń mú ohun tó ju ìdajì kòkó ayé jáde. Ojú ọjọ́ bá oko wọn jà, àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú náà sì ń pa igi. Tọ́ọ̀nù kòkó kan tó wà ní nǹkan bíi 2,600 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kọjá 10,000 ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ó ti lé ní 12,000. Ó ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ máa ń ra kòkó sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, nítorí náà kòkó ọ̀wọ́n tàná ni à ń jẹ nínú súìtì tòní. (Bí owó bá gòkè, kíá ni ẹni tó ń tajà fún mi máa ń pè mí. Bó bá wálẹ̀, fóònù rẹ̀ a bàjẹ́.)

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ̀rọ kan ń da gíráàmù 20 sílẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá yí i. Kílò kan á mú owó ẹyọ 50 wá. Ká ní owó ẹyọ 10 lo fi ń ra kílò náà tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó ni ibi tí o gbé ẹ̀rọ sí ń gba ìdá 30 nínú 100, ìyẹn 15. Ó ku 25 fún ọ. Wá jẹ́ kí kílò di 20: 15 péré ló kù, o ò tíì ra epo sí mọ́tò, o ò sì tíì da èyí tí oòrùn yọ́ nù. Onílé ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé súìtì wọ́n. Orí gbogbo owó ló ti ń mú tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́n jù. Wíìlì kan wà lábẹ́ súìtì, tó ní ihò tí súìtì ń kó sí, ihò yẹn sì ṣeé dín kù. Mo dín tèmi sí gíráàmù 14. Lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ kan tí mò ń nù, ni ọmọbìnrin kékeré kan bá fowó sí èkejì, ó yí i, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó tún fi ìka tọ́ ẹnu ẹ̀rọ wò bóyá ìyókù há síbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ojú tì mí, Àkàndé. Kí n tó kúrò níbẹ̀ mo ti dá a padà sí 18.

Nígbà tó yá, mo kó ṣokoléètì kúrò níbi gbogbo àfi ibi kan tí àwọn àgbà ti máa ń jókòó dúró pẹ́. Ṣíńgọ́ọ̀mù roboto ni mo fi rọ́pò rẹ̀, àti bọ́ọ̀lù kékeré tó máa ń ta sókè. Ṣíńgọ́ọ̀mù oníǹṣì kan, 850 ló sábà máa ń wà nínú kátọ́ọ̀nù kan, ẹyọ kan fún owó ẹyọ kan, kò sí pé à ń rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Owó tirẹ̀ náà gòkè ṣá, ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í yọ́, kì í bàjẹ́. Mo sì fi irin tó ń gba owó ẹyọ méjì sí ibi mẹ́ta: ní méjì, àwọn tó ń yí i dín kù ṣùgbọ́n èrè pọ̀ sí i, ní ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni ò yí i mọ́, mo bá tú u.

Ọkùnrin tìrẹ yẹn, má tètè gba ìwé owó tó fi ń hàn ọ́ gbọ́. Mú òṣùwọ̀n lọ. Yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 10, kí o wọn ohun tó dà sílẹ̀. Bó bá kéré, a jẹ́ pé ó ti fún un tán kó tó máa wá oníbàárà, owó tó sì ń fi yangàn, ọwọ́ àwọn ọmọdé ló ti gé e. Tó bá jẹ́ èmi ni, méjì tó ń ta ṣíńgọ́ọ̀mù ni n ó rà. Bó bá ní àfi kí o kó gbogbo rẹ̀, kí ó máa gbé wọn lọ.

Má sì gbàgbé láti béèrè kọ́kọ́rọ́. Mo ra méjì láìní kọ́kọ́rọ́ nígbà kan, ọ̀sán gbáko ni mo fi lu ihò sí i.

Bá mi kí ìyá.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí