Lẹ́tà sí Mọríámọ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi àti àwọn tá a dìbò fún

Gàá Akanbí,
Ìlọrin.

Mọríámọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù o.

O bi mí pé kí ló dé tí ìyà omi kò tán ní Ìlọrin, nígbà tí dáàmù Asa wà nítòsí wa. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an. Omi wà, páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó yẹ kó gbé e wá ló ti gbó. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ á gbẹ́ títì, á náwó rẹpẹtẹ, àwa ará àdúgbò á sì máa ṣépè nítorí ẹrẹ̀. Ọdún mẹ́rin sì ni sáà kan fún ẹni tá a bá dìbò fún. Kí omi tó yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ti lè wà lórí àga, òun la ó sì máa kí. Ta ló fẹ́ gbin iṣu fún ẹlòmíràn jẹ?

Ìdí nìyẹn tí àwọn olóṣèlú fi ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Kì í pẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ orúkọ gàdàgbà sára táńkì. Ọ̀kan wà ní ìkóríta wa. Orúkọ ṣì ń dán, ẹnu ẹ̀rọ ti dípẹtà, ewúrẹ́ ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Àràárọ̀ ni mẹ̀rúwà ń ti ọmọlanke kọjá níwájú ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ epo. Ṣé o rántí January 2012, tí ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo? Epo fò láti 65 náírà dé 141, gbogbo ìlú daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba bá dín in kù sí 97. Kò sẹ́ni tó yọ owó ìrànwọ́ náà tán títí di 29 May 2023, ọjọ́ tí Tinubu gorí àga gan-an. Ìyà rẹ̀ jẹ wá, mi ò ní purọ́ fún ọ. Àmọ́ wo ọjọ́ tó mú: ìbò mìíràn ṣì jìnnà réré.

Àwa náà lọ́wọ́ sí i. Ẹni tó bá ní òun á fi ọdún mẹ́wàá tún páìpù ṣe, ta ní máa pàtẹ́wọ́ fún un? Ẹni tó kó ìrẹsì wá là ń tẹ̀ lé. Ọmọ tó yẹ kó ti wà ní kíláàsì ló wá ń tò sídìí kànga pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì.

Mo ti sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa pé bí àwọn olùdíje bá dé, ká bi wọ́n: títì wo lẹ máa kọ́kọ́ gbẹ́, báwo lẹ ṣe máa de iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ tí ẹni tó bá gbapò yín ò fi ní pa á tì? Bá mi ronú sí èyí tá a tún lè fi kún un, kí o tètè fi ránṣẹ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ràfátù